Ẹ má yọ ẹ́ńjìnnì Bedford yẹn: lẹ́tà ṣíṣí sí Ààrẹ àti Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ ẹgbẹ́ wa

Sí Ààrẹ, Akọ̀wé, Akápò àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní ìlú wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló jù mí lọ lọ́jọ́ orí, Bàbá Ààrẹ fúnra wọn ló sì gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ lọ́rì wa, ní oṣù Kọkànlá àti ní oṣù Kejì, n kò sì rí èsì kankan gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e síta báyìí, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n dá owó fún páàtì lọ́rì náà lè mọ ohun tó ń lọ, kí àwọn ọmọ Yorùbá níbòmíràn tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wà ní ìkáwọ́ wọn sì lè bá wa dá sí i.

Ní ìpàdé gbogbogbòò ti oṣù Kẹta, ẹ kéde ìpinnu mẹ́ta lórí lọ́rì sójà Bedford QLD ti ọdún 1943, èyí tí opó àgbẹ̀ kan ní Lincolnshire fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ ní 2018. Ẹ ní ẹ máa yọ ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù inú rẹ̀, kí ẹ fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ìgbàlódé rọ́pò rẹ̀. Ẹ ní ẹ máa fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ iyanrìn bó gbogbo àwọ̀ ara rẹ̀, kí ẹ wá kùn ún ní àwọ̀ ewé àti funfun tí ń dán, kí àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó lè máa yá a. Ẹ tún ní ẹ máa ta àwọn ohun èlò inú rẹ̀ tí ẹ pè ní ohun tí kò wúlò mọ́. Mo takò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ́ńjìnnì náà kò gbó. Òtútù ló ṣe é, àwa la sì fi í lé òtútù lọ́wọ́.

Ẹni tó bá gbọ́ ìkéde yín á rò pé ńṣe ni ẹ́ńjìnnì náà ṣàdédé kú nítorí ọjọ́ orí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ẹ̀yin fúnra yín wà nínú rẹ̀ nígbà tí a wà á lọ síbi ayẹyẹ ìrántí àwọn tó kú sójú ogun, ó gun òkè tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin láìhúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ìyá wa sì ń kọrin tẹ̀lé e. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ìgbìmọ̀ fi abà tí a háyà sílẹ̀ nítorí owó, tí wọ́n wá gbé lọ́rì náà sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, lábẹ́ tapólì kan ṣoṣo tí atẹ́gùn ti fà ya ní igun méjì. Nínú lẹ́tà mi ti oṣù Kọkànlá tó kọjá, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n wọlé láti fa omi inú rédíétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì dànù, tàbí kí n da oògùn tí kì í jẹ́ kí omi dì sí i. Kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ akápò, akápò sì ti lọ ṣọdún Kérésìmesì ní Èkó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìn-ín-ní, omi dì nínú rẹ̀.

Fún ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì, bí omi bá di yìnyín, ó máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí kò bá ríbi fẹ̀ sí, irin tó yí i ká ló máa ru ẹrù náà. Nígbà tí mo ráyè wọlé nígbẹ̀yìn, mo bá ìdérí irin róbótó kan nílẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, yìnyín ti tì í jáde bí ẹni tu ìdérí ìgò. Àwọn kan gbà gbọ́ pé nítorí òtútù ni wọ́n ṣe fi àwọn ìdérí wọ̀nyẹn síbẹ̀, pé wọ́n á yọ kí irin má baà là. Ihò tí wọ́n gbà kó iyanrìn jáde nígbà tí wọ́n rọ irin ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kàn fi wọ́n dí. Tiwa yọ lóòótọ́, irin náà sì là síbẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ìpẹtà kúrò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi kẹrosíìnì pa á, mo nù ún gbẹ, mo wá fi ẹfun kùn ún. Mo dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde lára ẹfun funfun yẹn bí ìgbà tí èèrà bá tò lẹ́yìn ara wọn, nítorí kẹrosíìnì tó wọnú ibi tó là ti ń sun padà jáde. Ó gùn tó ìka mẹ́ta.

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ní oṣù Kejì pẹ̀lú lẹ́tà mi kejì. Ìka mẹ́ta yìí ni ẹ torí rẹ̀ pinnu pé kí ẹ́ńjìnnì odidi di àlòkù irin.

2. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Irin dídà bíi ti ẹ́ńjìnnì yìí kì í fẹ́ iná wẹ́dà. Bí wọ́n bá jó o lójú kan ṣoṣo láìmú gbogbo rẹ̀ gbóná bákan náà, ó máa ń là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n jó nígbà tó bá ń tutù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í lo iná rárá, ńṣe ni wọ́n máa ń rán irin bí ẹní rán aṣọ. Wọ́n á lu ihò kéékèèké tẹ̀lé ibi tó là, wọ́n á ki èèkàn irin olójú-ìdè wọnú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ìkejì jẹ díẹ̀ lára èkíní, wọ́n á tún de irin pẹlẹbẹ kọjá lórí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kí ó má baà ya mọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi òòlù tẹ̀ ẹ́ wọlé, tí wọ́n á sì yún un dọ́gba. Bí wọ́n bá kùn ún tán, ojú tí kò bá wá a kò ní rí i. Mo ti rí oníṣẹ́ kan tó ń ṣe é, ó wo fọ́tò náà, iye tó sì bù fún mi kò tó ìdá mẹ́ta owó tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì. Àkọsílẹ̀ iye náà wà lọ́dọ̀ akọ̀wé láti oṣù Kejì.

Ní ìpàdé, wọ́n ní páàtì rẹ̀ kò sí mọ́. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò wá a. Láàárín 1941 sí 1945, ilé iṣẹ́ Vauxhall ṣe Bedford QL, tí QLD tiwa jẹ́ ọ̀kan nínú oríṣi rẹ̀, tó lé ní 52,000. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, sílíńdà mẹ́fà, líta mẹ́ta àti ààbọ̀, agbára ẹṣin 72, ni wọ́n tún fi sínú lọ́rì Bedford oríṣi O tí àwọn ará ìlú ń lò àti sínú bọ́ọ̀sì Bedford OB, èyí tó lé ní 12,000 kí wọ́n tó ṣíwọ́ rẹ̀ ní 1951. Àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀sì OB ṣì pọ̀ nílẹ̀ yìí dòní, wọ́n ń wà á fún ìgbafẹ́, wọ́n sì ń ṣe gáskẹ́ẹ̀tì, písítìnì àti fáàfù rẹ̀ ní tuntun. Gáskẹ́ẹ̀tì tí mo lò ní 2021, ọwọ́ wọn ni mo ti rà á, ọjọ́ mẹ́ta ló sì gbà kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà mi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n yà díẹ̀. Àwọn àgbà tó wà nínú yín rántí bọ́lẹ̀kájà. Lọ́rì Bedford tí wọ́n kan ilé pákó lé lórí, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú rẹ̀, tó ń kó ìyá aláṣọ àti ewúrẹ́ pọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ìjẹ̀bú. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìwó Road ti wà lọ́mọ iṣẹ́ nígbà tí àwọn Bedford oríṣi O yẹn ṣì ń rìn, ó sì máa ń fi ẹnu ṣe ìró wọn fún wa bí iṣẹ́ kò bá sí. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tan QLD yìí ní 2021, tí ó gba iná, tí ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí ó wá balẹ̀, ìró tí ọ̀gá mi ń fẹnu ṣe gan-an ni mo gbọ́. Mo fi fóònù gbà á sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i ní Ìbàdàn. Ó pè mí padà, ó ní "táàpẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ẹ̀kẹrin yẹn, dín in kù díẹ̀," ìyẹn irin kékeré tó ń ti fáàfù ẹ́ńjìnnì. Òótọ́ ló sọ. Ẹ wá ń sọ fún mi pé ẹ fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí ń kó búrẹ́dì rọ́pò rẹ̀.

3. Òfin kò gbe ètò ìgbéyàwó yín.

Mo rò pé kò sẹ́ni tó ka òfin kí wọ́n tó gbé ìpinnu yìí kalẹ̀. Láti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 2018, ọkọ̀ tó bá ti ju ogójì ọdún lọ kò nílò àyẹ̀wò ọdọọdún nílẹ̀ yìí mọ́, bí wọn kò bá ti yí i padà lọ́nà tó ga láàárín ọgbọ̀n ọdún tó kọjá. Fífi ẹ́ńjìnnì mìíràn tí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀ sínú rẹ̀ jẹ́ ìyípadà bẹ́ẹ̀. Bí ó sì jẹ́ ọkọ̀ ńlá tí ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ, tí wọ́n wá ń fi í pa owó, ààyè yẹn kò sí fún un. Ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ méjèèjì ni ẹ fẹ́ fi kó sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fẹ́ yí ẹ́ńjìnnì padà, ẹ tún fẹ́ máa gbowó lé e. Lọ́rì tí a ń wà lọ síbi ìrántí lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún láìsan kọ́bọ̀ owó orí ọ̀nà máa wá di èyí tí a óò máa gbé lọ fún àyẹ̀wò tó le, pẹ̀lú bíréèkì ọdún 1943.

Bí ẹ bá sì fẹ́ máa kó ju èèyàn mẹ́jọ lọ fún owó, ìwé àṣẹ bọ́ọ̀sì ni ẹ ó lọ gbà. Ta ló sì máa wà á? Àwọn tó gba láísẹ́ńsì mọ́tò nílẹ̀ yìí kí ọdún 1997 tó wọlé ló láṣẹ láti wa ọkọ̀ tó wúwo tó èyí láìtún ìdánwò ṣe. Èmi tí mo gba tèmi ní 2003, ńṣe ni mo lọ ṣe ìdánwò mìíràn lápò ara mi. Nínú ìgbìmọ̀, ẹni méjì péré ló lè wà á, ẹni kan nínú wọn sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú lọ́dún tó kọjá.

4. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni ìwé ìtàn rẹ̀.

Orí èyí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Ẹ́ńjìnnì ṣeé dá padà lọ́jọ́ kan bí ẹnì kan bá tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ tí iyanrìn bá ti bó lọ kò ní padà wá láéláé.

Ní 2019, èmi àti ọmọ mi obìnrin fi sáńpépà olómi àti ọṣẹ yún ìlẹ̀kùn ọwọ́ òsì fún ọjọ́ Sátidé mẹ́rin. A kò fi ẹ̀rọ kàn án. Búlúù tí àgbẹ̀ náà kùn ún ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni ewé dúdú tí ń dán wà, èyí tí àwọn sójà ilẹ̀ yìí lò lẹ́yìn ogun. Lábẹ́ ìyẹn ni ewé pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti èso ólífì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1944 kí ọkọ̀ wọn lè bá ti Amẹ́ríkà mu. Nísàlẹ̀ pátápátá ni àwọ̀ bíi ti ẹ̀yìn igi kòkó, pẹ̀lú etí àmì dúdú róbótó kan lórí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n kùn láti 1942 kí ọkọ̀ òfurufú ọ̀tá má baà dá lọ́rì mọ̀ láti òkè, tí àwọn sójà fúnra wọn ń pè ní etí Mickey Mouse. Ní Sátidé kẹrin, ọmọ mi dákẹ́, ó ní, "Bàbá, ẹ wo èyí." Lẹ́tà L funfun ni, nọ́ńbà sì tẹ̀lé e. L ni wọ́n fi ń ya lọ́rì sọ́tọ̀ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ ogun, bí wọ́n ṣe fi T ya táǹkì sọ́tọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́ sì ti jẹ́ kí ọ̀dà kán sílẹ̀ lábẹ́ nọ́ńbà kẹta. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún.

Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ iyanrìn máa gbé gbogbo èyí lọ kí ẹ tó mu ife tíì kan tán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, páànù ìlẹ̀kùn yẹn fẹ́lẹ́, bí agbára afẹ́fẹ́ bá sì pọ̀ jù lórí rẹ̀, ó máa ń wú, kò sì ní tẹ́jú mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìpẹtà ló ń kọ yín lóminú, ibi tí ìpẹtà wà gan-an ni ká fi ọwọ́ ha, ká fi ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà pa á, ká sì kùn ún ní ewé tí kì í dán, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà. Ká fi ìlẹ̀kùn òsì sílẹ̀ bó ṣe wà, ká fi ìda pa á kí omi má baà wọ̀ ọ́. Sójà kì í kun ọkọ̀ ogun kí ó máa dán. Ohun tó bá ń dán lójú oòrùn ni ọ̀tá ń rí.

5. Àwọn ohun tí ẹ ti tà, àti èyí tí ẹ fẹ́ tà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ti ta agolo epo méjì, àwọn onílíta ogún tí wọ́n tẹ àmì ọfà ìjọba àti 1944 sí lára, pẹ̀lú ọ̀pá ìyíná, fún ẹnì kan ní 60 pọ́n-ùn. Irú agolo yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun, agolo páànù fẹ́lẹ́ tó ń jò ni àwọn ará ilẹ̀ yìí fi ń gbé epo, ìgbà tí wọ́n rí ti àwọn ará Jámánì tí kì í jò ni wọ́n wò ó ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ìyíná ló bí mi nínú jù. Òun la fi ń yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń ṣètò táàpẹ́ẹ̀tì tàbí tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan há sínú rẹ̀. Láìsí i, ẹni tó bá fẹ́ tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe máa lo sítátà, sítátà sì lè ṣẹ́ ohun tí ọwọ́ ì bá ti gbọ́ pé ó há.

Nínú àwọn ohun tí ẹ ṣì fẹ́ tà ni agolo idẹ apaná Pyrene kan wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á bó ṣe wà, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Oògùn tó wà nínú irú rẹ̀ lóró fúnra rẹ̀, bí iná bá sì kàn án, ó lè di afẹ́fẹ́ olóró tó ń pa ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń kó irú rẹ̀ dànù ló yẹ kí wọ́n tú u, kí a wá fi òfìfo rẹ̀ kọ́ sí ipò rẹ̀.

6. Ẹni tí ẹ rán wá ṣe táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Ní oṣù Kẹrin, ìgbìmọ̀ rán ọkùnrin kan wá láti wá yọ táyà. N kò dá a lẹ́bi, táyà mọ́tò lásán ló mọ̀. Ṣùgbọ́n àgbá ẹsẹ̀ lọ́rì yìí pín sí méjì, nọ́ọ̀tì ló so ẹ̀yà méjèèjì pọ̀, ọ̀wọ́ nọ́ọ̀tì mìíràn ló sì so ẹsẹ̀ náà mọ́ ara ọkọ̀. Àwọn tó ṣe é mọ ewu rẹ̀, wọ́n kun nọ́ọ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn nígbà tí afẹ́fẹ́ wà nínú táyà ní àwọ̀ pupa. Búlúù àgbẹ̀ ti bo pupa náà. Ọ̀gbẹ́ni náà ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ti dẹ nọ́ọ̀tì méjì nínú àwọn tí kò yẹ kó kàn, ó ń fi sípánà gígùn tẹ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìgbà yẹn ni mo dé. Mo pariwo. Bí ó bá tú u tán, àbọ̀ àgbá irin yẹn ni ì bá fò lu orí àti àyà rẹ̀. A jọ jókòó sórí ilẹ̀ kóńkéré fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dẹ́kun gbígbọ̀n.

Ọjọ́ kan náà ni mo bá a tó fẹ́ fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ fẹ́ erùpẹ̀ inú bíréèkì. Bíréèkì ayé ìgbà yẹn ní asbestos nínú, èyí tí wọ́n fòfin dè pátápátá nílẹ̀ yìí ní 1999 nítorí ohun tó ń ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró. Aṣọ tútù la fi ń nù ún, a kì í fẹ́ ẹ. Àwọn ohun wọ̀nyí wà nínú ìwé ojú-ewé mẹ́rin tí mo kọ fún ìgbìmọ̀ ní 2020. Mo bi ọkùnrin náà bóyá ẹnikẹ́ni fún un ní ìwé yẹn kà. Ó ní rárá.

7. Ọ̀rọ̀ pé lọ́rì kò kan àwọn bàbá wa.

Ọ̀kan nínú yín sọ ní ìpàdé, n kò ní dárúkọ, pé orí ni àwọn bàbá wa fi ru ẹrù ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, pé kí la wá ń ṣe pẹ̀lú lọ́rì òyìnbó. Òótọ́ ni pé orí ni wọ́n fi rù ú. Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àmì wọn jẹ́ aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè, la inú igbó àti òkè lọ sí àfonífojì Kaladan, ọkọ̀ òfurufú ló sì ń já oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn níbi tí ọkọ̀ ilẹ̀ kò lè dé. Àmì Dífíṣọ̀n 82 tiẹ̀ jẹ́ ọ̀kọ̀ méjì tó gbé ara wọn kọjá lórí òṣùká. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Àwọn ọ̀gá ológun fúnra wọn gbé òṣùká sí èjìká sójà.

Ṣùgbọ́n kí àwọn aláǹtakùn yẹn tó wọ Kaladan, wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ la ọ̀nà jíìpù tó tó máìlì 75, èyí tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí di ìsinsìnyí nínú ìtàn ogun náà. Ta ló wa ọkọ̀ lórí rẹ̀? Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ sí ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá 1944, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó wa ọkọ̀ Red Ball Express tó ń gbé epo àti ọta ìbọn tọ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Lọ́rì GMC ni wọ́n wà. Ẹ lọ wo bí àwọn ọmọ wọn ṣe ń tọ́jú GMC kan tí wọ́n bá rí.

Lọ́rì tiwa kò kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kò sì pè é ní lọ́rì Bọ́mà rí. Ìgbà tí a ti Windrush Square ní Brixton dé, níbi tí wọ́n ti ṣí òkúta ìrántí àwọn sójà ilẹ̀ Áfíríkà àti Karibíà ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 2017, ni Bàbá Ààrẹ sọ fún wa nínú bọ́ọ̀sì pé ó wu àwọn kí ẹgbẹ́ ní ohun kan tí ọmọdé lè fọwọ́ kàn, tó ti wà láyé nígbà tí bàbá àwọn wà lójú ogun. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí lọ́rì yìí. Mo rántí ibi tí ẹ jókòó sí, ìlà kejì lẹ́yìn awakọ̀.

8. Ohun tí mo ń bèèrè.

Kí ẹ dá àdéhùn ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àti ti iyanrìn dúró kí ọjọ́ ìsanwó àkọ́kọ́ tó pé ní òpin oṣù yìí. Kí ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ tí mo sọ wá rán irin náà, kí a tì í lómi wò lójú ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ wá. Bí ó bá jò, èmi ni kí ẹ gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbí. Kí a wá òrùlé fún lọ́rì náà kí oṣù Kẹwàá tó dé. Àgbẹ̀ kan tó ń gbé ní máìlì mẹ́fà sí ìlú ti gbà kí a gbé e sí abà òun, kìkì pé kí a bá a tún òrùlé ibẹ̀ ṣe, páànù méjìlá ló sì kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀. Kí ẹni tó ra ọ̀pá ìyíná gba owó rẹ̀, kó dá a padà. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, ó ní bí ìgbìmọ̀ bá kọ̀wé sí òun, òun á fi ránṣẹ́. Kí kọ́kọ́rọ́ géètì má wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Kí a sì ṣí ìwé kan, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá fi sípánà kan lọ́rì náà máa kọ ohun tó ṣe, ọjọ́ tó ṣe é àti ohun tó yọ síbẹ̀, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn wa má ṣe máa méfò.

Nípa owó ìgbéyàwó, mo mọ̀ pé àpò ẹgbẹ́ gbẹ, n kò fi ìyẹn ṣeré. Ẹ jẹ́ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa wá wò ó, kí wọ́n máa fi ohun tó bá wù wọ́n sínú àpótí. Olùkọ́ méjì ti bi mí léèrè ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn ayẹyẹ 2022. Èyí kò ní mú owó rẹpẹtẹ wá, ṣùgbọ́n kò ní mú àyẹ̀wò àti ìwé àṣẹ bọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, láago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo máa wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn pẹ̀lú kẹrosíìnì, ẹfun àti iná ọwọ́. Mo bẹ Bàbá Ààrẹ kí wọ́n wá fúnra wọn, kí wọ́n fi ọwọ́ wọn pa ẹfun náà, kí wọ́n sì wo ìka mẹ́ta yẹn kí wọ́n tó buwọ́ lu ohunkóhun.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
ọmọ ẹgbẹ́ yín tí ẹ yàn láti máa bójú tó lọ́rì náà láti 2018